Níbo gan-an ni ìfẹ́ wà nínú ìwé The Sun Also Rises?

Àjíkàwé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé kíkà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ka The Sun Also Rises tán, ìwé tí Ernest Hemingway kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1926, tí àwọn òǹtẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù sì pè ní Fiesta nígbà tí wọ́n tẹ tiwọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló yá mi ní ìwé náà. Ó ní ìtàn ìfẹ́ ni, ó sì ní òun kò tíì ka èyí tó dun òun tó o rí. Mo fara balẹ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, mo wá ìfẹ́ náà títí, n kò rí i.

Ohun tí mo rí ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Párís, tí wọ́n ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn. Jake Barnes tó ń sọ ìtàn náà jẹ́ akọ̀ròyìn. Ó fẹ́ràn Brett Ashley, Brett náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ Brett ti bá Mike Campbell ṣe àdéhùn ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kọ ọkọ tó ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ tán. Ó tún bá Robert Cohn, ọ̀rẹ́ Jake kan, lọ sí San Sebastián ní Spain. Nígbà tí gbogbo wọn wá dé ibi ọdún San Fermín ní Pamplona, ọkàn rẹ̀ tún fà sí Pedro Romero, ọmọ ọdún 19 tó ń bá akọ màlúù jà nínú pápá. Ta ló sì mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin náà? Jake fúnra rẹ̀ ni. Báwo ni ọkùnrin ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa obìnrin tó fẹ́ràn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Bó bá ṣe pé nílé wa ni, àwọn ẹbí rẹ̀ ì bá ti lọ wádìí ohun tó ṣe é.

Ìbéèrè mi kejì ni ti ogun. Gbogbo ẹni tó bá mẹ́nu kan ìwé yìí ló máa ń ní ìwé àwọn tí ogun 1914 sí 1918 bà jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbọn ogun kan ṣoṣo kò dún nínú rẹ̀. Níwájú ìwé náà, òǹkọ̀wé fi gbólóhùn Gertrude Stein, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní Párís, síbẹ̀ pé ìran tó sọnù ni gbogbo wọn, ó sì fi ẹsẹ mélòó kan láti inú Ìwé Oníwàásù tì í. Kí ló so ogun, ọtí, akọ màlúù àti Oníwàásù pọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà. Nígbà tí mo dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, tí Jake àti Brett jókòó sínú takisí ní Madrid, nǹkan kan há mi lọ́fun, n kò sì lè sọ ohun tó fà á. Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ dáhùn:

Àjíkàwé, ẹ ṣé tí ẹ béèrè, nítorí ìbéèrè yín méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Orí kẹrin ni ìdáhùn wọn wà, ní ibi tí ojú òǹkàwé tètè máa ń fò. Jake padà sí yàrá rẹ̀ lálẹ́, ó bọ́ aṣọ, ó sì wo ara rẹ̀ nínú dígí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò sọ ohun tó rí. Ó kàn ní nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà fara gbọgbẹ́, irú èyí ló wá kan òun. Ó rántí ọ̀gágun kan tó wá kí i ní ọsibítù ní Ítálì, tó dúró níwájú ibùsùn rẹ̀ tó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ohun tó fi sílẹ̀ fún ogun náà ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó ronú kan Brett, ó sì sunkún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ ogun náà ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣe ojúṣe ọkọ, ṣùgbọ́n kò mú ìfẹ́ àti ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà títí ayé rẹ̀, Brett sì mọ̀.

Ní 1932, nínú ìwé tó kọ lórí ìjà akọ màlúù, Hemingway ṣàlàyé pé ohun tó mú kí òkè yìnyín tó ń léfòó lójú òkun máa rìn tìyìtìyì ni pé ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́jọ rẹ̀ ló yọ sókè omi. Ó ní bí òǹkọ̀wé bá mọ ohun kan dájú, ó lè fi í pa mọ́, òǹkàwé yóò sì mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́. Ó mọ ohun tó ń fi pa mọ́ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1918, ní Fossalta lẹ́bàá odò Piave ní Ítálì, àdó olóró bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń pín ṣokoléètì àti sìgá fún àwọn ọmọ ogun lábẹ́ Red Cross. Kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Ẹsẹ̀ ló ti fara pa o. Ọgbẹ́ Jake kì í ṣe ọgbẹ́ tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú rí ogun náà, ẹ ṣí orí kẹrìnlá. Jake wà lórí ibùsùn ní Pamplona, oorun kò kùn ún, ó sì sọ, bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé ìgbà kan wà tí òun kò pa iná mànàmáná sùn fún oṣù mẹ́fà gbáko. Oṣù mẹ́fà! Ògbólógbòó ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń sanwó ilé, tí kò sì lè sùn nínú òkùnkùn. Ó ti sọ ọ́ ṣáájú ní orí kẹrin náà pé ó rọrùn fún èèyàn láti ṣe bí akin ní ojú mọmọ, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Gílóòbù tí kò kú lóru yẹn ni ogun inú ìwé yìí. Èmi kò nílò ìbọn kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti Stein, Hemingway sọ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1964, pé ẹnu ọ̀gá gáréèjì kan tí Stein gbé mọ́tò Ford rẹ̀ lọ ni gbólóhùn náà ti kọ́kọ́ jáde: ó ń bá mẹkáníìkì kékeré kan wí, ọmọ tó ti lọ sójú ogun, pé ìran tó sọnù ni gbogbo wọn. Hemingway kò gba ọ̀rọ̀ náà wọlé tán. Ìdí nìyẹn tó fi fi Oníwàásù dá a lóhùn: ìran kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ilẹ̀ dúró, oòrùn là, oòrùn wọ̀, ó tún yára padà sí ibi tó ti là. Ibẹ̀ ni ó ti mú àkọlé ìwé rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ márùn-ún tí Jake àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Gorton fi pẹja ní Burguete, ìlú kékeré kan ní Spain. Jake ri ìgò wáìnì bọ inú orísun omi kí ó lè tutù, omi náà sì tutù débi pé ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri dé ọrùn ọwọ́. Kò sí Brett níbẹ̀, kò sí Cohn, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Nínú gbogbo ìwé náà, ibẹ̀ nìkan ni ara ti tu Jake, nítorí pé odò náà kò mọ̀ pé ogun kan jà rí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ iná tí ẹ sọ yẹn sì wọ̀ mí lára. Mo ti ṣiṣẹ́ òru fún ọdún púpọ̀. Aláìsàn tó ń pa gbogbo wọ́ọ̀dù lẹ́rìn-ín ní ọ̀sán náà ni yóò rọra pè mí ní aago méjì òru pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa èyí tó wà lórí mi." A kì í béèrè ìdí.

Brett ni mo fẹ́ gbèjà. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ìwé yìí ló ń pè é ní oníṣekúṣe, wọn kì í sì í rántí pé wọ́ọ̀dù ni òun àti Jake ti pàdé. Nígbà ogun náà, ó wà lára àwọn obìnrin tó yọ̀ǹda ara wọn láti ṣètọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ọsibítù tí wọ́n gbé Jake wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn tọkàntọkàn ti kú lẹ́nu ogun, ìgbẹ́ ọ̀rìn ló sì pa á. Ọkọ tó wá fẹ́, Ashley, wá sílé láti iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, kò lè sùn lórí ibùsùn mọ́, ó sì ń mú kí ìyàwó rẹ̀ máa bá òun sùn sílẹ̀. Ó ń sọ fún un pé òun yóò pa á, ìbọn tó ti ki ọta sí ni ó sì fi ń sùn. Brett á dúró títí yóò fi sùn lọ, á sì yọ ọta náà kúrò. Ẹnu Mike ni a ti gbọ́ èyí ní orí kẹtàdínlógún, nínú ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún padà sórí rẹ̀. Ẹni ọdún 34 ni obìnrin yìí. Ẹ kíyè sí i bí ó ṣe máa ń sọ léraléra pé òun gbọ́dọ̀ lọ wẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìwé náà, mo rò pé fáàrí ni.

Mike tún sọ ohun kan níbẹ̀ tó jẹ́ kí n mọ Brett ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní Brett fẹ́ràn láti máa tọ́jú èèyàn, àti pé bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé òun Mike ni Brett ń tọ́jú nígbà náà. Lẹ́yìn tí Cohn na Romero lálùbolẹ̀, ta ló jókòó tì í? Tí ara àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá ti ń le, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe mọ́. Jake nìkan ni ara rẹ̀ kò ní dá láéláé, òun nìkan sì ni Brett ń padà tọ̀ lọ ní gbogbo ìgbà.

Ibì kan wà tí n kò lè gbè é sí. Akọ màlúù kan kan Vicente Girones pa lójú ọ̀nà tí àwọn màlúù ń sáré gbà lọ sí pápá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àgbẹ̀ ẹni ọdún 28 láti ẹ̀bá Tafalla, tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Romero pa màlúù náà ní ọ̀sán, wọ́n gé etí rẹ̀ fún un, ó sì fi ta Brett lọ́rẹ. Brett fi áńkáṣíìfù Jake wé etí náà, ó tì í sí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ìdí sìgá, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Atúmọ̀-èdè dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ẹni tó bá sì ń túmọ̀ ìwé kò lè fo ọ̀rọ̀ kankan. Àjíkàwé, ẹ ní ẹ wá ìfẹ́ títí, ẹ kò rí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo àwọn tẹligíráàmù.

Nígbà ayé tẹligíráàmù, owó ni wọ́n ń san lórí ọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kan náà ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló sì mọ iye rẹ̀. Nígbà tí Jake àti Bill wà ní Burguete, Cohn fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bí Jake, ó ní owó kan náà ni ọkùnrin yìí ì bá fi rán ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Lẹ́yìn ọdún San Fermín, Jake dá wà ní San Sebastián, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ó ń sinmi, ni tẹligíráàmù Brett bá dé láti Madrid, méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan gba Párís, èkejì gba Pamplona: ṣé ó lè wá, òun wà nínú ìyọnu. Jake dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ó kọ orúkọ ọkọ̀ ojú irin tí òun yóò wọ̀, ó kọ ọ̀la, ṣáájú orúkọ ara rẹ̀ ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tí iṣẹ́ tó ń rán kò béèrè fún, tí ó sì san owó rẹ̀: ìfẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun jẹ́ kí obìnrin yìí bá ọkùnrin kan lọ, òun tún mú un mọ ọkùnrin kejì kí ó lè bá a lọ, òun ló wá ń lọ mú un bọ̀ báyìí, òun sì fi ìfẹ́ parí tẹligíráàmù náà. Ó ní bó ṣe rí nìyẹn. Ó wá wọlé lọ jẹun ọ̀sán.

Tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ẹ máa wo ọwọ́ ẹni tó ń sanwó. Ní orí kẹrìnlá tí ọ̀gá olùkọ́ tọ́ka sí, nígbà tí oorun kọ̀ tí kò kun Jake, owó gan-an ni ó ń rò. Ó ní òun ti fi Brett ṣe ọ̀rẹ́ láìro ohun tí ìyẹn ń ná òun Brett, pé òun ń gba ohun tí òun kò sanwó rẹ̀, àti pé ọjọ́ tí wọn yóò gbé ìwé owó náà wá ni òun kàn ń sún síwájú. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ èyí, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyí: "Àwìn ni mo ti ń rà láti ọjọ́ yìí." Mike ní tirẹ̀ jẹ gbèsè títí ó fi kógbá sílé, ó sì ní ọ̀nà méjì ni ó gbà ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà lójijì. Jake ń san, Àjíkàwé. Nígbà tó mú Brett dé ọ̀dọ̀ Romero, ohun tó fi san án ni iyì rẹ̀ lójú Montoya, olóòtẹ́ẹ̀lì tó kà á sí ọ̀kan nínú àwọn àjèjì díẹ̀ tó lóye ìjà màlúù dénú. Montoya wọlé, ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá rí Romero pẹ̀lú ife ọtí ńlá lọ́wọ́ láàárín wọn. Kò tilẹ̀ mirí sí wọn. Jake rí i, ó sì mọ ohun tí òun ti pàdánù.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló dá mi dúró fún oṣù mẹ́ta. Brett ní àwọn ì bá ti gbádùn ara wọn tó, Jake sì fi ìbéèrè kékeré kan dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìbéèrè náà, "pretty", ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òdòdó, tàbí aṣọ ọmọ kékeré, tàbí ojú ọmọbìnrin. Ẹwà tí kò wúwo ni. Mo kọ́kọ́ kọ "Ó dára láti rò bẹ́ẹ̀, àbí?" Ó dà bí ẹni tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn. Mo kọ "Ó wu ni láti rò bẹ́ẹ̀." Ìyẹn tún fi hàn pé Jake ṣì ń retí nǹkan. Èyí tí mo wá fi sílẹ̀ ni "Ó dùn ún rò, àbí kò dùn?" Adùn, ti ẹnu ni, ẹwà òdòdó, ti ojú ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n nínú "dùn ún rò" náà ni ó ti hàn pé èrò lásán ni yóò mọ.

Arábìnrin Òǹkàwé dáhùn:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo gbádùn gbogbo ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹnu kàn, ó sì ń dùn mí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí Cohn nítorí pé ó jẹ́ Júù kò dára, kì í sì í ṣe Mike nìkan ló ń ṣe é. Jake tó ń sọ ìtàn náà pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Bill náà padà dé láti Vienna pẹ̀lú ìtàn afẹ̀ṣẹ́jà aláwọ̀ dúdú kan, ó sì ń pè é ní orúkọ èébú tí wọ́n fi ń pe aláwọ̀ dúdú, léraléra, láìsí orúkọ gidi kan. Onílù aláwọ̀ dúdú tó wà ní ilé ijó ní Párís ń kọrin, àmì tótó ni òǹkọ̀wé sì fi sí ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Mo mọ ohun tí ọ̀gá olùkọ́ sọ nípa ohun tó wà lábẹ́ omi. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Òkè ni ó wà gbangba.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdiwọ̀n atúmọ̀-èdè náà wọn ọ̀rọ̀ yìí. Afẹ̀ṣẹ́jà yẹn na ọmọ ìlú lálùbolẹ̀, àwọn èrò dojú ìjà kọ ọ́, wọn kò san owó rẹ̀ fún un, ẹnì kan tún jí aago rẹ̀. Bill yá a lówó. Ọkùnrin náà padà sí Cologne níbi tó ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó sì ní òun yóò fi owó tí Bill yá òun ránṣẹ́. Nínú ìwé tí Mike, ọmọlúwàbí ará Scotland, ti jẹ gbogbo ayé ní gbèsè, ẹni tí kò lórúkọ yìí ló ń sọ pé òun yóò dá owó padà. N kò mọ̀ bóyá Hemingway rí i bẹ́ẹ̀. Èmi rí i, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé náà sí èdè wa má ṣe fi ohùn ẹlẹ́yà kọ ibẹ̀.

Atúmọ̀-èdè dáhùn:

Arábìnrin, òótọ́ lẹ sọ, ó sì wọ̀ mí létí. N kò ní rọ èébú náà lójú nínú ìtumọ̀, nítorí ẹnu Bill ni ó ti jáde, ó sì yẹ kí òǹkàwé mọ irú ẹnu tí Bill ní. Ṣùgbọ́n mo ti padà sí ibi tí ó ti ní ọkùnrin náà yóò fi owó ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ bí àwàdà tẹ́lẹ̀. Mo ti yí i.

Àjíkàwé dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo tún orí kẹrin àti orí kẹrìnlá kà lálẹ́ àná, mo sì wá padà sí Madrid. Mo ti fo nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: nígbà tí Jake fẹ́ san owó yàrá Brett ní Hotel Montana, wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti san án. Brett ti ní kí Romero máa lọ, ó ní òun kò fẹ́ di ara àwọn obìnrin tó ń ba ayé ọmọdé jẹ́, ọmọ náà sì ti san gbogbo rẹ̀ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ takisí. Olópàá tó ń darí ọkọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ọkọ̀ dẹwọ́ eré lójijì, ìyẹn sì ti Brett mọ́ ara Jake. Ọ̀pá olópàá ló fara wọn kan ara, mo sì ti ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń ka orúkọ àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ òru. Atúmọ̀-èdè, tí orí kẹrìnlá yín bá ti parí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi síbí kí a rí i kà. Ẹ̀gbọ́n mi tó yá mi ní ìwé yìí kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa mọ́ nítorí ojú tó ń dùn ún, èmi ni yóò sì kà á sí i létí.